Pẹpẹ Tí A Ń To Ẹ̀rọ Orin Lé: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ó Dúró Sí Nínú Ilé

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a fi ọwọ́ tiwa náà kún un, a mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà á ti gbọ́ ìwàásù tó. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ná wa ní ohun tí owó kò lè rà padà, a kò sì fẹ́ kí ó ná ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa pẹpẹ ni. Kì í ṣe èyí tí a ń dúró níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, bí kò ṣe èyí tí a ń to ẹ̀rọ orin lé nínú pálọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èdè wa ni ó fi orúkọ kan ṣoṣo pe méjèèjì. Ibi tí a ń gbé ọrẹ lé níwájú Ọlọ́run, pẹpẹ ni. Ibi tí ìyá wa àgbà ń to ìkòkò àti igbá lé kí adìyẹ àti ewúrẹ́ má baà dé ibẹ̀, pẹpẹ náà ni. Ohun tí méjèèjì fi jọra ni pé a gbé wọn ga kúrò nílẹ̀ nítorí pé ohun tí ó wà lórí wọn níye lórí. Ráàkì ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè é. A kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n pẹpẹ ni àwa yóò máa pè é.

Nínú àbẹ̀wò wa sí ilé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, ní Bódìjà, ní Agbowó, ní Ring Road, àti ní Apẹtẹ níbi tí àwa fúnra wa fìdí kalẹ̀ sí, ohun kan náà ni a ń bá. Ọmọ tí ó wà lókè òkun ti fi amplifáyà olówó iyebíye ránṣẹ́ sí baba rẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé e lé orí firísà. Tọ́ntébù, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń yí àwo orin, wà lórí àpótí ìjókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Sípíkà kan wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, èkejì wà lẹ́yìn àga onítìmùtìmù tí ó ti di ibùsùn ológbò. Àwọn wáyà lọ́ mọ́ ara wọn bí ìfun ẹran. Bí a bá wá fi àwo sí i, tí ohùn rẹ̀ ń kùn tí ó sì ń gbọ̀n, baba ilé á ní àwo ló ti gbó. Àwo kò gbó. Ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ lé ni kò dára.

Àwọn baba wa kò ní ìṣòro yìí. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọ orin mẹ́tàlélógójì sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, giramafóònù tí a fi ń gbọ́ irú àwo bẹ́ẹ̀ jẹ́ àpótí kan ṣoṣo tí a ń fi ọwọ́ yí. Tábìlì kan tó o. Nígbà tí Rediffusion wọ Ìbàdàn ní 1939, àpótí kékeré tí a kàn mọ́ ògiri ni, tí wáyà so ó mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn àgbà sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tí àwọn ọmọ ìjọ kan kì bá fi pe àwa oníwàásù náà bí ojú kò bá tì wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni rédíògíràmù dé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ojúgbà wa rántí rẹ̀: Grundig tàbí Philips, onípákó dídán, tí ó gùn bí àga ìjókòó ẹni mẹ́ta, tí ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ìlẹ̀kùn tirẹ̀, àti àyè tí a ń to àwo sí. Tọ́ntébù inú rẹ̀ dúró lórí sípíríǹgì, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé inú àpótí kan náà ni sípíkà wà. Ẹni tí ó ra rédíògíràmù ti ra pẹpẹ mọ́ ọn.

Ní 1958 ni àwo sítẹ́rìò bẹ̀rẹ̀ sí jáde fún títà, tí ohùn ọ̀tún àti ti òsì yàtọ̀ síra. Nígbà tí yóò fi di àárín àwọn ọdún 1970, tí owó epo ń wọlé tí àwọn ilé ìtajà Dùgbẹ̀ sì kún fún ẹ̀rọ láti Japan, ẹ̀rọ kan ti di márùn-ún: tọ́ntébù lọ́tọ̀, amplifáyà lọ́tọ̀, rédíò lọ́tọ̀, ẹ̀rọ káṣẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, sípíkà méjì lọ́tọ̀. Ohùn wọn dára ju ti rédíògíràmù lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé pẹpẹ ti kúrò nínú ohun tí owó wa ń rà. Ìdí nìyí tí firísà fi gba iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọ̀rọ̀ náà níbi tí ó ti jinlẹ̀ jù. Ojú àwo orin kò tẹ́jú. Ìlà kan ṣoṣo ni ó yí i ká láti etí rẹ̀ títí dé àárín, ìlà tí kò fẹ̀ ju irun orí lọ. Bí a bá lè tú ìlà ojú kan àwo tí ń kọrin fún ogún ìṣẹ́jú, gígùn rẹ̀ yóò ju irinwó mítà lọ. Abẹ́rẹ́ ń rìn nínú ìlà yìí pẹ̀lú ìwúwo bíi gíráàmù méjì, ògiri ìlà náà a sì máa mì í sọ́tùn-ún sósì. Mímì yìí ni ẹ̀rọ ń sọ di iná mànàmáná, tí amplifáyà ń sọ di ńlá, tí sípíkà sì ń sọ di ohùn padà. Abẹ́rẹ́ kò mọ ẹni tí ó mì í. Bí ògiri ìlà bá mì í, orin ni ó kà á sí. Bí ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ wa tí ń sáré kọjá nínú pálọ̀ bá mì í, orin náà ni yóò kà á sí. A ó gbọ́ ‘gbì’ láti inú sípíkà, tàbí kí abẹ́rẹ́ fò láti ìlà kan sí òmíràn, kí ó sì fi àpá sílẹ̀ tí kò ní lọ mọ́ láéláé.

Ọ̀tá tí ó burú ju ẹsẹ̀ ọmọdé lọ ni sípíkà fúnra rẹ̀. Bí sípíkà bá wà lórí pẹpẹ kan náà pẹ̀lú tọ́ntébù, ohùn ìlù láti inú rẹ̀ á mi pẹpẹ, pẹpẹ á mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á rán mímì náà padà sí amplifáyà, á tún gba ẹnu sípíkà jáde ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yípo títí yóò fi di híhu. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ bí makirofóònù ṣe ń han ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ẹni tí ó mú un dání bá rìn sún mọ́ sípíkà jù ti mọ àrùn yìí. Òfin àkọ́kọ́ nìyí, òun nìkan ni a ó sì sọ bí òfin: sípíkà kò gbọdọ̀ bá tọ́ntébù gbé lórí pẹpẹ kan. Kí sípíkà ní ìdúró tirẹ̀ lórí ilẹ̀.

Bí ilẹ̀ ilé yín bá jẹ́ kọnkéré, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Ìbàdàn, ẹ dúpẹ́, nítorí kọnkéré kì í jó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí wa ṣì wà ní àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè wọn jẹ́ pákó. Apá tí ó gbé abẹ́rẹ́ dání ní ìgbọ̀n tirẹ̀, tí ó sábà máa ń wà láàárín ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ilẹ̀ onípákó tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀ sì lè gbọ̀n ní iye tí ó sún mọ́ èyí. Méjèèjì á wá máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti bàjẹ́. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má gbé tọ́ntébù lé ohun tí ó dúró lórí ilẹ̀ rárá. Ẹ kan irin méjì mọ́ ògiri tí ó nípọn, kí ẹ gbé pákó kan lé e, kí tọ́ntébù nìkan ṣoṣo máa gbé ibẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ pẹpẹ tí ó dára ní ojú ọjà? Ẹ fi ìka kàn án. Bí ó bá dáhùn bí ìlù, ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére mọ èyí ṣáájú wa: igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti fi gbẹ́ ìlù, nítorí pé ó ń fọhùn nígbà tí a bá lù ú. Ohun tí ó mú un dára fún ìlù ni kò jẹ́ kí ó dára fún pẹpẹ, nítorí pẹpẹ kò gbọdọ̀ fọhùn. Kí ó dákẹ́, kí ó wúwo, kí ó má sì fì. Ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ tì í láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá fì bí igi ìbẹ́pẹ, kò sí ọ̀dà tí ó lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi lé e, kí ẹnì kan rìn kọjá. Bí ojú omi bá ń mì, abẹ́rẹ́ náà yóò mì.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà ní báyìí láti ṣe pẹpẹ onírin. Ó dára, ikán kò lè jẹ ẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé páìpù tí inú rẹ̀ ṣófo a máa dún bí agogo. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: kí wẹ́dà fi ojú kan sílẹ̀ lókè ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ da yanrìn tí a ti sẹ́ tí ó sì gbẹ dáadáa sínú rẹ̀, kí ẹ wá dí i. A ti ṣe èyí fún ọ̀rẹ́ wa kan ní Awọ̀tán, ó sì yà á lẹ́nu bí irin náà ṣe yadi. Ẹ rí i pé yanrìn náà gbẹ o. Èyí tí ó tutù yóò mú irin dípẹtà láti inú.

Pẹpẹ tún gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, nítorí bí ó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá abẹ́rẹ́ á máa fẹ́ yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ náà, ìlà á sì jẹ lápá kan ju èkejì lọ. Ẹ yá lẹ́fẹ́lì lọ́wọ́ bíríkìlà. Bí kò bá sí, ẹ gbé dígí pẹlẹbẹ lé pẹpẹ, kí ẹ fi bọ́ọ̀lù irin kékeré inú bíárìn lé e. Mẹkáníìkì àdúgbò yóò fún yín ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ó bá yí lọ ni ó rẹlẹ̀. Àwọn ìyá wa tí kò rí lẹ́fẹ́lì rí mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù: ohun tí ó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í rọ́gọ rọ̀gọ, bó ti wù kí ilẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá yan pẹpẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa fi ki abẹ́ ìkan nínú wọn.

Ní ti ooru, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Amplifáyà ń sọ púpọ̀ nínú iná tí ó ń jẹ di ooru, ooru sì ń lọ sókè. Ní oṣù Kejì àti Kẹta tí inú ilé ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ń móoru, amplifáyà tí a há mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò sè bí mọ́ínmọ́ín. Kí àyè bíi sẹ̀ntímítà 10 wà lókè rẹ̀, kí ẹ̀yìn pẹpẹ ṣí sílẹ̀, kí a má sì to ẹ̀rọ mìíràn lé e lórí. A mọ̀ pé àwọn ìyàwó ilé fẹ́ràn láti fi aṣọ kírósíè funfun bo ohun gbogbo tí ó bá ń dán. Ẹ̀bẹ̀ ni a fi ń bẹ̀ wọ́n: kí wọ́n bo tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n bo àga, kí wọ́n fi amplifáyà sílẹ̀ kí ó mí. Ti eruku ọyẹ́ yàtọ̀. Ìlẹ̀kùn dígí níwájú pẹpẹ dára fún un, bí ẹ̀yìn bá ti lè ṣí.

Iná ìjọba tiwa, tí ó yẹ kí ó jẹ́ fóòtì 230, kì í dúró síbì kan, nítorí náà kò sí ilé tí kò ní sitábíláísà. Tiransifọ́mà wà nínú rẹ̀, ó sì ń tú agbára òòfà jáde tí ń yí padà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá wà lábẹ́ tọ́ntébù gan-an, ẹ̀rọ kékeré tí ó di abẹ́rẹ́ mú yóò gbọ́ ọ, kíkùn bí ti oyin yóò sì wọ inú gbogbo orin yín. Ẹ gbé sitábíláísà àti ínfátà jìnnà ní mítà kan ó kéré tán. Kí wáyà iná gba apá kan lẹ́yìn pẹpẹ, kí wáyà tí ń gbé orin gba apá kejì. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n kọjá lára wọn bí àgbélébùú, kí wọ́n má ṣe sùn ti ara wọn. Nígbà tí òjò bá ṣú tí àrá sì ń sán, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ. Sitábíláísà kò lè bá mànàmáná jà.

Kí a tó ránṣẹ́ pe gbẹ́nàgbẹ́nà, a ní láti wọn nǹkan. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sítẹ́rìò inú ilé fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 43. Èyí tí ó bá jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Íńṣì 19 ni, ìwọ̀n tí ó ti ọwọ́ àwọn onítẹlifóònù Amẹ́ríkà wá, tí gbogbo ayé sì gbà. Kí pákó jìn tó ẹ̀rọ tí ó jìn jù, kí ẹ tún fi sẹ̀ntímítà 10 sí 15 kún un fún wáyà lẹ́yìn. Ibi tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń ṣìṣe jù nìyí, nítorí iwájú ẹ̀rọ ni wọ́n ń wò. Páálí àwo orin ńlá tó sẹ̀ntímítà 31 àti ààbọ̀ níhà gbogbo, nítorí náà kí àyè rẹ̀ ga tó 34.

Ìwúwo àwo orin ni ó ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ọgọ́rùn-ún àwo nínú páálí wọn lè tó kílò 25, wọn kò sì gba ju bíi sẹ̀ntímítà 40 lọ lórí pákó. Èyí já sí pé mítà kan àwo orin wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Ẹ ro ó wò bí ẹ bá ní I. K. Dáíró, Ebenezer Obey, Sunny Adé, àti gbogbo orin ìyìn tí ẹ ti rà láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Kí pákó nípọn tó íńṣì kan, kí ìtìlẹ́yìn sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo sẹ̀ntímítà 45, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó.

Ní ti igi, ọjà pákó Bódìjà kò jìnnà. Ìrókò ni àwa yàn, nítorí pé ikán Apẹtẹ kì í bẹ̀rù ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù ìrókò. Ọ̀gànwó dára, ó sì rẹwà jù ú lọ. Àfàrà kò wọ́n tó wọn, ṣùgbọ́n a ní láti fi oògùn ikán pa á lára kí a tó kùn ún. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, kò sì yẹ fún iṣẹ́ yìí. Igi èyíkéyìí tí ẹ bá rà, kí ó ti gbẹ. Pákó tútù a máa ká lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ó wá máa bá gbẹ́nàgbẹ́nà jà lórí ohun tí oòrùn ṣe. Pẹpẹ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ìyẹ̀ igi àti àtè pò, tí wọ́n wá lẹ bébà aláwọ̀ igi mọ́ lójú, kò ní ìṣòro bí omi kò bá kàn án. Bí omi bá kàn án, á wú bí búrẹ́dì inú tíì.

Nísinsìnyí, níbo ni kí ó dúró sí? Sípíkà méjèèjì àti àga tí ẹ ń jókòó sí yẹ kí wọ́n jẹ́ igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, mítà méjì sí méjì àti ààbọ̀ nínú pálọ̀ tí kò tóbi púpọ̀. Àárín sípíkà méjèèjì ni gbogbo ènìyàn ń gbé pẹpẹ sí nítorí pé ó dùn ún wò. Àwa fẹ́ràn ògiri ẹ̀gbẹ́ jù, kúrò lọ́nà ohùn. Wáyà sípíkà lè gùn, kò léwu. Wáyà láti tọ́ntébù dé amplifáyà ni kò yẹ kí ó gùn. Ẹ yẹra fún igun ilé, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ìlù ti ń kóra jọ tí ó sì ń mi nǹkan jù. Ẹ yẹra fún iwájú fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọlé, nítorí àwo orin a máa ká lójú oòrùn. Fún abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí omi ń kán. Àti fún ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn tí àwọn ọmọ ń gbá pa. Kí tọ́ntébù ga tó ìgbọ̀nwọ́ ẹni tí ó dúró, kí a má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú ẹ̀yìn tí ń dunni.

Gbogbo èyí ni a mọ̀ ní ọdún 2011, a sì ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Òfin ìwúwo sọ pé kí ohun tí ó wúwo jù wà nísàlẹ̀ kí pẹpẹ má baà ṣubú, a sì pa á mọ́: àwo orin wà ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú àpótí onípákó kan tí a kó téèpù sí, amplifáyà wà lókè wọn, tọ́ntébù wà ní téńté. Ó dúró dáadáa.

Ní ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù Kẹjọ ọdún náà, a lọ ṣe àìsùn òkú ní Ring Road. Òjò tí ó rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kò sí ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn tí ó gbàgbé rẹ̀. Odò Ọ̀nà, èyí tí wọ́n dí ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942 kí ìlú lè rí omi mu, kún kọjá ààlà rẹ̀, ó sì gbé afárá Apẹtẹ lọ. A dúró ní apá Poly ní ọjọ́ kejì, a ń wo òdìkejì níbi tí ilé wa wà, a kò lè kọjá. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó bá omi náà lọ káàkiri ìlú. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ìsìnkú àti ìtùnú ni a ń ṣe, ojú ì bá tì wá láti fi ẹnu kan ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ orin níwájú ìyá tí ó ń wá ọmọ rẹ̀. Ọdún wọ̀nyí ti kọjá. A lè sọ ọ́ nísinsìnyí.

Nígbà tí a dé ilé, àmì omi wà lára ògiri pálọ̀. A wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà: sẹ̀ntímítà 41. Amplifáyà gbẹ. Tọ́ntébù gbẹ. Àwọn ohun tí a lè fi owó oṣù mélòó kan rà padà ni a ti gbé ga. Èyí tí kò sí ní ọjà kankan ni a tò sí ìsàlẹ̀. Àwọn àwo orin kò kú. A fi omi tí ó mọ́ àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, a yẹra fún bébà àárín wọn, a sì tò wọ́n sórí ohun tí aya wa ń to àwo oúnjẹ lé, lábẹ́ ibòòji, títí wọ́n fi gbẹ. Gbogbo páálí wọn ni ó ṣòfò. Ṣùgbọ́n nínú àpótí onípákó yẹn ni téèpù ńlá kan wà, rííìlì tí a fi gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀ ní ìsìn orin Kérésìmesì 1973. Nígbà tí a ṣí i, ó ti hu funfun, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ bí ewé tí a fi di ẹ̀kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà mọ ohun tí a sọnù. Ọ̀gá tí ń darí wa ti sùn nínú Olúwa. Kí orin àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ lórí téèpù náà tí ó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kà á fún wa, ‘ọ̀kan, méjì,’ ẹ ó sì gbọ́ tí ó hú ikọ́. Ẹlẹgbẹ́ wa tí ó dá ẹsẹ kejì kọ kò pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ó fi kú. Kò sí ibòmíràn tí ìyá rẹ̀ ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti bẹ̀ wá rí pé kí a wá gbé e sí i fún òun. A ní a óò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá rí ẹ̀rọ rííìlì tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Pẹpẹ tí ó wà ní pálọ̀ wa lónìí kò dúró lórí ilẹ̀. A tẹ́ búlọ́ọ̀kù onííńṣì 9 ní ìlọ́po méjì sábẹ́ rẹ̀, bíríkìlà sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀ títí ó fi dán. Gíga búlọ́ọ̀kù méjì jẹ́ sẹ̀ntímítà 45, ó fi mẹ́rin ju àmì omi lọ. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni ìrókò dúró sí. Àwo orin ṣì wà nísàlẹ̀, nítorí òfin ìwúwo kò yí padà, ṣùgbọ́n téèpù àti àwọn àwòrán ilé-ẹ̀kọ́ ti lọ sí pákó tí a kàn mọ́ ògiri, ó ga ju orí wa lọ, ó sì jìnnà sí sípíkà, nítorí òòfà inú sípíkà lè pa ohùn inú téèpù rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá odò Ọ̀nà tàbí Ògùnpa, kí ẹ kọ́kọ́ bi àwọn aládùúgbò yín léèrè ibi tí omi dé ní 2011 kí ẹ tó wọn ohunkóhun mìíràn.

A gbọ́ pé wọ́n ṣe ẹ̀dà rííìlì náà sínú káṣẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí ọdún 1980, fún àwọn kan tí ń lọ sí òkè òkun. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, ì báà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, bó ti wù kí ó gbó tó, ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ láti dán an wò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́. A ti rí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń tọ́jú irú rẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ wa ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, etí rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. A ti fi àyè káṣẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀ lórí pákó òkè, lápá ọ̀tún, a kò sì gbé nǹkan kan síbẹ̀.